Patch tó kan TCP nínú kernel Linux: kí ló yẹ kí n yẹ̀ wò kí n tó fọwọ́ sí i?

ọmọ_sáfà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Iṣẹ́ kan wà lọ́rùn mi, mo sì fẹ́ ṣe é dáadáa. Níbi iṣẹ́ wa, kernel Linux 6.6 là ń lò lórí àwọn sáfà tó ń fi fáìlì ńláńlá ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà, a sì máa ń fi àtúnṣe tiwa kún un. Ẹnìkan nínú wa ti kọ patch kan báyìí. Ẹ mọ̀ pé TCP (ìlànà tó ń rí i pé dátà dé pé lórí nẹ́tíwọ̀kì) gbọ́dọ̀ tọ́jú ohunkóhun tó bá ti fi ránṣẹ́ sínú ìlà ìdúró kan títí ẹni tó wà lódìkejì yóò fi jẹ́wọ́ pé òun ti rí i gbà. Ohun tí ẹni yìí ṣàkíyèsí ni pé skb kéékèèké (skb ni àpótí tí kernel fi ń kó dátà nẹ́tíwọ̀kì) máa ń kún inú ìlà yẹn nígbà mìíràn, wọ́n á sì máa jẹ mẹ́mórì. Patch rẹ̀ á máa so skb méjì tó tẹ̀ léra pọ̀ di ẹyọ kan. Inú tcp_output.c ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, díẹ̀ wà nínú tcp_input.c. Kò gùn, kò tó ọgọ́rùn-ún ìlà.

Èmi ni wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. C kò ṣòro fún mi, mo sì ti ṣiṣẹ́ lórí dríáfà káàdì nẹ́tíwọ̀kì, àmọ́ inú TCP gan-an, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ méjì, mo fi iperf3 (tó ń wọn eré nẹ́tíwọ̀kì) dán an wò, eré rẹ̀ kò dínkù, dmesg (àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ kernel) kò sì sọ nǹkan kan. Kí ló kù?

ìyá_packet

Àbúrò, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé iperf3 yẹn tì sápá kan. Ẹ̀rọ méjèèjì tí ẹ fi dán an wò, tiyín ni wọ́n, kò sì jọ pé packet kankan sọnù láàárín wọn. Bí packet kò bá sọnù, ìlà tí patch yìí fẹ́ tún ṣe kì í pẹ́ tó fi ń ṣófo. Ó ṣeé ṣe kí function tuntun náà má tilẹ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní gbogbo àkókò tí ìdánwò náà fi ń lọ. Ẹ fi bpftrace ṣọ́ ọ, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n pè é rárá.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi rèé. Nínú dríáfà, ẹ̀rọ tí ẹ mọ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Nínú TCP, àlejò tí ẹ ò mọ̀ rí ló ń yan ọ̀pọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà tí kọ́ọ̀dù náà fi ń ṣírò. Òun ló ń sọ MSS, ìyẹn bí segment (ẹyọ dátà TCP) kan ṣe lè tóbi tó. Òun ló ń sọ bí window (àyè tó ní láti gba dátà) ṣe tóbi tó. Òun ló ń sọ, nípasẹ̀ SACK, èyí tó rí gbà àti èyí tí kò rí, ó sì lè purọ́. Òun náà ló ń yan ìgbà tó máa dáhùn. Bí mo bá ń yẹ patch TCP wò, mo máa ń wá gbogbo nọ́ńbà tó ti ọ̀dọ̀ àlejò wọlé, mo á wá tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn títí dé ibi tó parí sí: inú òǹkà wo ló bọ́ sí, bit mélòó ni òǹkà náà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bó bá kún.

Kì í ṣe ẹ̀rù lásán ni mo ń dá bà yín. Ohun tí patch yín fẹ́ ṣe, kernel ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni jàǹbá ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, Jonathan Looney ti Netflix jẹ́ kí ayé mọ̀ nípa àṣìṣe tí wọ́n sọ ní SACK Panic, CVE-2019-11477 (CVE ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àṣìṣe ààbò mọ̀). Nígbà tí SACK bá wọlé, kernel máa ń so àwọn skb tí wọ́n jẹ́wọ́ gbígbà wọn pọ̀, function tó ń ṣe é ni tcp_shift_skb_data. Skb kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tó ń jẹ́ tcp_gso_segs, òun ló ń sọ iye segment tó wà nínú rẹ̀. Bit 16 ni òǹkà yìí, kò lè kọjá 65,535. Bí MSS bá jẹ́ 1460, kò sí bí skb kan ṣe lè ní segment tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àlejò ló ń sọ MSS. Bó bá fi í sí 48, tí option TCP sì gba 40 níbẹ̀, báìtì 8 péré ló kù fún segment kan. Skb kan lè ní ẹ̀là 17, ẹ̀là kọ̀ọ̀kan sì lè tó 32 KB lórí x86. Ẹ ṣírò rẹ̀: 17 × 32 × 1024 jẹ́ 557,056. Ẹ pín in sí 8, ó di 69,632. Òǹkà ti kún, ó ti yí padà sí nọ́ńbà kékeré. BUG_ON tó wà níbẹ̀ rí i pé ìṣirò kò bára mu mọ́, kernel sì dúró pátápátá. Láti òkèèrè nìyẹn o, ẹni tó fẹ́ ṣe é kò nílò password kankan. Láti kernel 2.6.29 ti ọdún 2009 ni àṣìṣe náà ti wà níbẹ̀.

Ẹ ṣí kernel 6.6 yín, ẹ wo tcp_skb_shift nínú tcp_input.c. Ẹ máa rí àyẹ̀wò méjì tí wọ́n fi tún un ṣe:

    if (unlikely(to->len + shiftlen >= 65535 * TCP_MIN_GSO_SIZE))
            return 0;
    if (unlikely(tcp_skb_pcount(to) + pcount > 65535))
            return 0;

Ẹ wá lọ wo patch tiyín. Ṣé ó ń ro tcp_gso_segs ti skb méjì pọ̀? Ṣé irú àyẹ̀wò yìí wà níbẹ̀ kó tó rò ó?

ará_ìjẹ̀ṣà

Mo fara mọ́ ohun tí ìyá_packet sọ. Èmi á kọ́kọ́ béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó kọ patch: kí ló dé tí èyí tó wà nílẹ̀ kò tó o?

Inú tcp_output.c kan náà yẹn, tcp_retrans_try_collapse wà níbẹ̀. Bí TCP bá fẹ́ tún nǹkan fi ránṣẹ́, ó máa ń gbìyànjú láti so skb kéékèèké pọ̀. Ó tilẹ̀ ní sysctl (ibi tí a ti ń yí ètò kernel padà) tirẹ̀, net.ipv4.tcp_retrans_collapse. Bí ẹ bá ka ìwé àlàyé kernel, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ó wà nítorí àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí TCP wọn kò péye. Nítorí náà, ìdáhùn lè jẹ́ pé èyí tó wà nílẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ àyàfi nígbà àtúnfiránṣẹ́, tiwa sì fẹ́ ṣiṣẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àlàyé patch, pẹ̀lú iye mẹ́mórì tó dínkù, lórí irú iṣẹ́ wo. Patch tó bá ní òun ń dín mẹ́mórì kù láìsọ iye, ẹ dá a padà kí ó lọ wọ̀n ọ́n wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí tcp_collapse_retrans sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ ṣí patch yín sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ kà wọ́n ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tí èyí àtijọ́ ṣe tí tuntun kò ṣe, ẹ béèrè ìdí. Mo fẹ́ kí ẹ fojú sí ibi mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, àmì tó wà lára skb, èyí tó wà nínú TCP_SKB_CB(skb)->sacked. Àmì yìí ló ń sọ bóyá wọ́n ti jẹ́wọ́ skb náà nípasẹ̀ SACK, bóyá a kà á sí èyí tó sọnù, bóyá a ti tún un fi ránṣẹ́. Àwọn òǹkà orí socket (ìsopọ̀ TCP kan), ìyẹn packets_out, sacked_out, lost_out àti retrans_out, wọ́n gbọ́dọ̀ bá àwọn àmì wọ̀nyí mu ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá so skb tó sọnù mọ́ èyí tí kò sọnù, àmì ta ni yóò borí? Èyíkéyìí tó bá borí, òǹkà kan ti di irọ́. Kì í ṣe pé kernel yóò kú o. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé TCP yóò gbà pé packet pọ̀ lójú ọ̀nà ju bó ṣe rí lọ, yóò sì máa fi ohun díẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tó yẹ kó fi púpọ̀ ránṣẹ́, tàbí kó máa rọ́ wọn lu nẹ́tíwọ̀kì tí kò lè gbà wọ́n. Àwọn oníbàárà yóò ní “íntánẹ́ẹ̀tì ò yá lónìí”, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé patch ni.

Èkejì, ìlà kan báyìí wà nínú function àtijọ́:

    TCP_SKB_CB(skb)->sacked |= TCP_SKB_CB(next_skb)->sacked & TCPCB_EVER_RETRANS;

Ó kéré lójú, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Láti ọdún 1987 ni Karn àti Partridge ti fi yé wa pé a kò gbọ́dọ̀ fi packet tí a tún fi ránṣẹ́ wọn RTT (àkókò àlọ àti àbọ̀), nítorí a kò mọ̀ bóyá ti àkọ́kọ́ ni ACK (ìjẹ́wọ́ gbígbà) tó dé ń dáhùn tàbí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. TCPCB_EVER_RETRANS ni kernel fi ń rántí. Bí ẹ bá so skb méjì pọ̀ tí àmì yìí sì já bọ́, RTT yóò bàjẹ́, RTO (àkókò tí TCP ń dúró kó tó tún nǹkan fi ránṣẹ́) tí wọ́n fi RTT ṣírò yóò sì bàjẹ́ tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹta, ta ló tún ń tọ́ka sí skb tí ẹ fẹ́ dà nù? Ó wà nínú rbtree (ètò igi tí wọ́n fi ń tètè wá nǹkan) ti ìlà àtúnfiránṣẹ́. Ó wà nínú ìlà kejì tí wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí àkókò tí wọ́n fi í ránṣẹ́, èyí tí RACK (ọ̀nà tí TCP fi ń mọ packet tó sọnù) ń lò. retransmit_skb_hint lè máa tọ́ka sí i, highest_sack lè máa tọ́ka sí i, lost_skb_hint náà sì wà ní 6.6. Tí ẹ bá dà á nù tí ọ̀kan nínú wọn sì ṣì ń wo ibẹ̀, mẹ́mórì tí kì í ṣe tiyín mọ́ lẹ ń kà. Ẹni tó bá lo tcp_rtx_queue_unlink_and_free ti bọ́ lọ́wọ́ méjì àkọ́kọ́, ti àwọn hint (atọ́ka) ṣì kù lọ́rùn rẹ̀.

baba_lock

Wọn ò tíì dárúkọ lock (ohun tí kì í jẹ́ kí ẹni méjì fọwọ́ kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà), ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ṣókí.

Socket TCP ní ẹni méjì tó lè mú un: process tó pe lock_sock, tàbí softirq (iṣẹ́ kernel tí kò gbọ́dọ̀ sùn) tó gbé packet wọlé. Bí process bá ti mú un, packet tó dé yóò bọ́ sínú backlog (ìlà ìdúró mìíràn) títí di release_sock. Aago àtúnfiránṣẹ́ náà, bó bá dún tó rí i pé process ló mú socket, yóò sún iṣẹ́ rẹ̀ síwájú ni. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló ń fọwọ́ kan ìlà nígbà kan náà. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pe function tuntun yẹn, kí ẹ rí i dájú pé lock wà lọ́wọ́ ẹni tó pè é ní gbogbo ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ACK ni, ẹ lè wà nínú softirq, kò sí sísùn níbẹ̀. GFP_KERNEL (ìbéèrè mẹ́mórì tó lè sùn) kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀, GFP_ATOMIC (èyí tí kì í sùn) ni, GFP_ATOMIC sì lè kùnà nígbàkígbà. Ẹ ka ojú ọ̀nà ìkùnà yẹn dáadáa. Bí mẹ́mórì kò bá sí, skb méjèèjì gbọ́dọ̀ wà bí wọ́n ṣe wà, kì í ṣe kí wọ́n ti gbé ìdajì kọjá sí òdìkejì.

Èyí tí mo máa ń rí jù lọ nínú patch TCP tó so nǹkan pọ̀ ni skb_cloned. Ẹ̀dà skb tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn lè ṣì wà nínú ìlà káàdì nẹ́tíwọ̀kì, tí káàdì ń ka dátà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wo tcp_can_collapse nínú function àtijọ́: bí skb bá jẹ́ cloned, ó yáa fi í sílẹ̀. Ó tún fi èyí tí SACK ti jẹ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Tcp_skb_can_collapse náà wà, ó ń dáàbò bo MSG_EOR (àmì òpin ọ̀rọ̀), MPTCP (TCP ọ̀nà púpọ̀) àti zerocopy (fífi dátà ránṣẹ́ láìdà á kọ). Kò sí ìdí kankan tí patch yín fi gbọ́dọ̀ tún àyẹ̀wò wọ̀nyí kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kó pè wọ́n.

Ti ìṣirò mẹ́mórì wá. Truesize (mẹ́mórì tí skb gbà gan-an) ti skb méjèèjì, àti òǹkà mẹ́mórì socket, ìyẹn sk_wmem_queued àti sk_forward_alloc: níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé torí mẹ́mórì ni wọ́n ṣe kọ patch yìí, ẹ fi kálámù ro wọ́n. Bí ìṣirò kò bá pé, inet_sock_destruct yóò ké jáde nínú dmesg nígbà tí socket bá ń kú. Ìyẹn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí socket kú nínú ìdánwò, kí ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ títí tẹ́ ẹ fi pa ẹ̀rọ.

ọmọ_sáfà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ lóòótọ́. Mo padà lọ kà á pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ sọ.

Mo fi bpftrace wò ó: wọn ò pe function náà rárá nígbà iperf3. Ó ń ro tcp_gso_segs pọ̀ láìsí àyẹ̀wò kankan. Àmì EVER_RETRANS kò sí níbẹ̀. Ó ń pe tcp_rtx_queue_unlink_and_free, àmọ́ ó tún retransmit_skb_hint nìkan ṣe, kò fọwọ́ kan highest_sack. Ó sì ní ìlà kan tó ní `if (a->seq < b->seq)`, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti mọ èyí tó ṣáájú. Mi ò kó gbogbo rẹ̀ síbí.

Ẹni tó kọ ọ́ dá mi lóhùn pé òun lè sọ òǹkà di bit 32 kí ọ̀rọ̀ SACK Panic má bàa kàn án. Ṣé ó tọ́?

ìyá_packet

Kò tọ́, kò sì rọrùn tó bó ṣe rò ó. tcp_gso_segs wà nínú cb (àyè ìkọ nǹkan) ti skb, cb yẹn sì jẹ́ báìtì 48 péré. tcp_skb_cb ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un, BUILD_BUG_ON sì wà tí kò ní jẹ́ kí kernel kọ́ bó bá kọjá. Bó bá tilẹ̀ rí àyè, gso_segs tó wà nínú skb_shared_info náà jẹ́ bit 16, ibẹ̀ ni nọ́ńbà náà ń lọ nígbà tí skb bá fẹ́ jáde. Ọ̀nà tó tọ́ ni kó kọ̀ láti so wọ́n pọ̀ bí àròpọ̀ bá fẹ́ kọjá, bí tcp_skb_shift ṣe ṣe é.

`a->seq < b->seq` yẹn, ẹ má gbà á rárá. Nọ́ńbà sequence TCP jẹ́ bit 32, ó máa ń yí po padà sí òdo. Lórí ìlà 10 Gbit/s, báìtì 4,294,967,296 yẹn ń tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3.4. Nígbà tó bá yí po, èyí tó ṣáájú yóò tóbi ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ, patch yín yóò sì so wọ́n pọ̀ ní ìdàkejì. Dátà oníbàárà bàjẹ́ nìyẹn, láìsí ariwo kankan. before() àti after() wà nínú net/tcp.h fún iṣẹ́ yìí, ìyọkúrò ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á wá wo àmì èsì rẹ̀. Àti pé sequence àkọ́kọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo, nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ fi 4 GB ránṣẹ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Fáìlì kékeré lè bá a pàdé.

ẹ̀gbá_ní_leeds

Ọ̀rọ̀ ìdánwò ni tèmi. Ẹ lo namespace mẹ́ta (bí ẹ̀rọ mẹ́ta lórí ẹ̀rọ kan) pẹ̀lú veth (wáyà àfọkànrò tó so wọ́n): ẹni tó ń fi ránṣẹ́, ẹni tó ń gbà, àti ọ̀kan láàárín tó dà bí router. Netem (tó ń dá packet dúró, tó sì ń sọ wọ́n nù) ẹ fi sí ti àárín. Bí ẹ bá fi í sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń fi ránṣẹ́, TCP Small Queues (ààlà iye tí TCP lè kó jọ sínú ẹ̀rọ) yóò máa rí packet tó dúró nínú netem bí ẹni pé kò tíì kúrò nínú ẹ̀rọ, èsì yín yóò sì yí padà.

    ip netns exec aarin tc qdisc add dev v1 root netem delay 120ms 20ms loss 2% 

20ms kejì yẹn ń jẹ́ kí ìdúró náà máa yàtọ̀ láti packet dé packet, ìyẹn nìkan ti tó láti jẹ́ kí wọ́n dé láìtò. Ẹ sì pa TSO, GSO àti GRO (ọ̀nà tí wọ́n fi ń kó packet pọ̀ di ńlá) lórí veth pẹ̀lú ethtool -K fún ìdánwò kan, kí ẹ tún tan wọ́n fún òmíràn. Tí GSO bá wà ní títàn, 2% tí netem ń jù nù lè jẹ́ odidi skb 64 KB lẹ́ẹ̀kan, kò sì rí bẹ́ẹ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì gidi.

Fún MSS kékeré, ẹ fi packetdrill (ètò tó ń fi packet ránṣẹ́ bí a ṣe kọ ọ́) ṣe àlejò burúkú náà. Ìlà SYN (packet tó ń bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀) rẹ̀ á rí báyìí:

    +0 < S 0:0(0) win 65535 <mss 48,sackOK,nop,nop>

Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi SACK gbà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fo ọ̀kan, kí ẹ gba ọ̀kan, kí ẹ tún padà wá gba èyí tí ẹ fò. Packetdrill dára nítorí ìdánwò náà yóò rí bákan náà lọ́la, ẹlòmíràn sì lè ṣe é.

Kernel tí ẹ máa fi ṣe é gbọ́dọ̀ ní CONFIG_KASAN, CONFIG_PROVE_LOCKING, CONFIG_DEBUG_ATOMIC_SLEEP àti CONFIG_DEBUG_NET. Ti highest_sack yẹn, KASAN (tó ń ṣọ́ àṣìṣe mẹ́mórì) ló máa fi hàn yín. Ẹ máa wo nstat -az (òǹkà nẹ́tíwọ̀kì kernel) náà: TcpRetransSegs, TcpExtTCPSackMerged, TcpExtTCPSackShifted, pẹ̀lú patch àti láìsí patch, lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà.

Ojú tèmi, bí ìdánwò packetdrill kò bá sí pẹ̀lú patch, kí wọ́n dá a padà láìtún kà á.

ará_ìjẹ̀ṣà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀. Ìdánwò ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ kà á. SACK Panic wà fún ọdún mẹ́wàá, kì í ṣe pé kò sí ìdánwò ní gbogbo àkókò yẹn. Ìdánwò kì í rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò láti dán wò. Kíkà ló ń fún wa ní èrò ohun tó yẹ ká dán wò. Kí ó ka patch, kí ó sọ àwọn àlàfo, kí ó wá ní kí wọ́n fi ìdánwò sórí àlàfo kọ̀ọ̀kan.

ẹ̀gbá_ní_leeds

Mo gbọ́. Kíkà kọ́kọ́, ìdánwò tẹ̀ lé e, kò sì gbọdọ̀ wọlé láìsí méjèèjì. Mo fara mọ́ bẹ́ẹ̀.

baba_lock

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un: bí ìlà náà ṣe gùn tó. Ọmọ_sáfà, ẹ wo loop tó wà nínú patch. Bó bá ń rin gbogbo ìlà ní gbogbo ìgbà tí ACK bá wọlé, àlejò burúkú kò nílò láti pa kernel, yóò kàn máa jẹ CPU rẹ̀ ni. CVE-2018-5390 ti oṣù Kẹjọ ọdún 2018 nìyẹn, SegmentSmack. Packet tó dé láìtò ni wọ́n fi ń mú kernel ṣe iṣẹ́ ńlá lórí packet kékeré kọ̀ọ̀kan nínú tcp_collapse_ofo_queue àti tcp_prune_ofo_queue. Ẹ fi òpin sí iye tí loop lè rìn lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ìdàkejì náà. Lára àtúnṣe ọdún 2019 yẹn, wọ́n fi ààlà mẹ́mórì sí tcp_fragment nítorí CVE-2019-11478. Ààlà náà le ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ètò kan tí wọ́n fi SO_SNDBUF sí iye kékeré bẹ̀rẹ̀ sí dúró láìdáhùn, wọn ò sì ṣe ohun tó burú. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún àtúnṣe náà ṣe. Bí ẹ bá ní kó fi ààlà sí nǹkan, ẹ béèrè ẹni tí ààlà náà yóò ṣe lára.

iyán_àná

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Ọ̀rọ̀ ẹni tí nǹkan yóò ṣe lára tí baba_lock sọ kàn wá nílé yìí gan-an. Ọ̀pọ̀ fóònù tó ń bá sáfà yín sọ̀rọ̀ láti Nàìjíríà ló wà lẹ́yìn NAT, ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ẹ rántí tcp_tw_recycle, ètò kernel àtijọ́ kan tó ń tètè kó ìsopọ̀ tó ti parí kúrò. Ó gbà pé àdírẹ́sì kan, ẹ̀rọ kan ni, timestamp rẹ̀ kò sì ní padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn NAT, fóònù méjì ní timestamp tí kò bára mu, sáfà á sì máa ju SYN ẹnìkan nù láìsọ nǹkan kan. Kernel 4.12, lọ́dún 2017, ni wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Patch tọmọ_sáfà kò kan NAT tààrà, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá ó fi ìrètí kan sí ara ẹni tó wà lódìkejì: pé MSS rẹ̀ kò kéré, pé ó ń dáhùn kíá, pé kì í fa SACK rẹ̀ sẹ́yìn. RFC gbà á láyè láti ju ohun tó ti fi SACK gbà nù. Dátà tí wọ́n fi SACK jẹ́wọ́, a kò gbọ́dọ̀ dà á nù títí ACK gidi fi dé.

ọmọ_sáfà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí mo kọ sí ẹni tó kọ patch rèé, ẹ bá mi wò ó:

“Ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ka patch yín pẹ̀lú tcp_collapse_retrans àti tcp_skb_shift. Mi ò lè fọwọ́ sí i báyìí. (1) Tcp_gso_segs lè kún bí MSS bá jẹ́ 48. Ẹ fi àyẹ̀wò sí i bíi ti tcp_skb_shift. (2) Ẹ lo before() fún sequence. (3) Highest_sack àti lost_skb_hint lè máa tọ́ka sí skb tẹ́ ẹ ti dà nù. (4) Ẹ gbé àmì EVER_RETRANS kọjá, kí ẹ sì kọ̀ láti so skb tí àmì LOST tàbí SACKED wọn kò bára mu. (5) Ẹ pe tcp_can_collapse àti tcp_skb_can_collapse dípò àyẹ̀wò tiyín. (6) Loop kò ní òpin. (7) Iye mẹ́mórì tó dínkù, kò sí nínú àlàyé. Mo ti kọ ìdánwò packetdrill fún (1), ó wà nínú fólídà yìí. Bí ẹ bá fẹ́, a lè jọ kọ ti (3).”

ìyá_packet

Ó dáa gan-an. Ẹ gbé (2) ṣáájú (1). (1) ń pa sáfà, (2) ń ba dátà oníbàárà jẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀, sáfà tó kú ṣì ṣeé tún tàn. Ní (4), ẹ fi ìlà inú tcp_collapse_retrans síbẹ̀ gangan, kí ó má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a. Ẹ sì sọ fún un pé bó bá tún un ṣe tán, tí mẹ́mórì sì dínkù lóòótọ́, kó fi ránṣẹ́ sí net-next (ibi tí wọ́n ti ń gba àtúnṣe tuntun fún nẹ́tíwọ̀kì Linux) kí gbogbo ayé lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kó dúró kí merge window (àkókò tí wọ́n ń kó àtúnṣe jọ sínú kernel tó kàn) kọjá kó tó fi ránṣẹ́, net-next kì í gba nǹkan tuntun nígbà yẹn.